Ìgò ẹ̀jẹ̀ ti fèsì: bí ẹ ṣe lè dá bakitéríà inú ẹ̀jẹ̀ mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú

Nínú iṣẹ́ blood culture (gbígbin ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú ìgò láti wo kòkòrò tó máa hù), inú ínkúbétọ̀ kọ́ ni àkókò ti ń ṣòfò jù. Àárín ìgbà tí ìgò ti fi hàn pé nǹkan ń hù nínú rẹ̀ àti ìgbà tí ẹnìkan tó ṣí i ni. Ìgò á ké láago méjì òru, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á ní kí àwọn ará òwúrọ̀ wò ó. Àwọn ará òwúrọ̀ á kọ́kọ́ dojú kọ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó kún orí kàǹtà. Kí sláìdì tó dé abẹ́ maikirosíkópù, oòrùn ti kan àtàrí, aláìsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù sì ti lè gba oògùn tí kò ràn án ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láàbù ilé ìwòsàn, tí ẹ ní maikirosíkópù, ínkúbétọ̀, centrifuge àti àwọn kẹ́míkà tí kò ṣọ̀wọ́n, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Bí ẹ bá ṣí ìgò láago mẹ́jọ àárọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó ti lè sọ irú kòkòrò tó jẹ́ fún dókítà kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú díẹ̀ nínú oògùn tó lè ràn án. Ẹ̀rọ olówó ńlá dára, n óò mẹ́nu kàn wọ́n nísàlẹ̀, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tó lè yára lórí ìgò tí ẹnikẹ́ni kò ṣí.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà

Bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà kò bá dára, iṣẹ́ tó kù ti bàjẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà mọ ohun tí ẹ ń fẹ́. Fún àgbàlagbà, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán, láti apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mílílítà 8 sí 10 nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Fún ọmọ ọwọ́, mílílítà 1 sí 3 nínú ìgò ọmọdé. Chlorhexidine 2% tó wà nínú ọtí 70% ni kí wọ́n fi nu awọ ara, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí wọ́n má sì tún fọwọ́ wá iṣan kiri lórí ibi tí wọ́n ti nù. Kí wọ́n fi ọtí nu rọ́bà orí ìgò pẹ̀lú. Kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ náà kí oògùn tó wọ ara.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣòro jù níbi tiwa, torí ọ̀pọ̀ aláìsàn ti gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ kẹ́míìsì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ má torí ìyẹn dá ẹ̀jẹ̀ padà. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ oògùn sí fọ́ọ̀mù. Bí ìgò bá ní resin nínú, ó lè fa díẹ̀ nínú oògùn náà mọ́ra. Ohun mìíràn tí mo ń rí léraléra ni ìgò tí wọ́n tọ́jú sínú fíríìjì mọ́jú. Òtútù lè pa meningococcus, pneumococcus àti Haemophilus. Orí tábìlì ni kí ìgò wà títí yóò fi dé láàbù, kó sì tètè dé.

Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti fèsì?

Bí ẹ bá ní BacT/ALERT tàbí BACTEC, ẹ̀rọ á ké fún yín. Carbon dioxide tí kòkòrò ń tú jáde ló ń fi mọ̀. Àwọn tó ń lo ìgò lásán ni iṣẹ́ pọ̀ fún. Ẹ máa wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ má sì mì í kí ẹ tó wò ó. Omi òkè tó rú, ẹ̀jẹ̀ tó yọ́ tí gbogbo omi fi pọ́n, ìhó gáàsì, tàbí èérún funfun lórí ẹ̀jẹ̀ tó sọ̀ sí ìsàlẹ̀: èyíkéyìí nínú wọn tó ẹ̀rí láti ṣí ìgò. Lẹ́yìn wákàtí 18 sí 24, bí ohunkóhun kò tilẹ̀ hàn, ẹ mú díẹ̀ sórí chocolate agar, torí Haemophilus àti àwọn mìíràn bíi tirẹ̀ lè hù láìmú omi rú.

Ẹ ṣí ìgò lẹ́ẹ̀kan, ẹ mú ohun gbogbo

Inú biosafety cabinet ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ẹ fi ọtí 70% nu rọ́bà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ rọra yí ìgò sódì lẹ́ẹ̀melòó kan kí omi lè pò, lẹ́yìn náà ẹ fi sírínjì fa omi jáde. Ẹ gbọ́dọ̀ ti to gbogbo nǹkan sílẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé: sláìdì méjì, àwo blood agar, chocolate agar àti MacConkey, àwo Mueller-Hinton fún oògùn, àti ìgò serum onígẹ́ẹ̀lì kan. Bó bá jẹ́ ìgò anaerobic ló fèsì, ẹ fi àwo kan kún un fún àwọn tí kì í fẹ́ atẹ́gùn.

Ìgò onígẹ́ẹ̀lì yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ó wà ní gbogbo láàbù, òun ni àwọn ará chemistry fi ń ya serum sọ́tọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ da mílílítà 5 omi blood culture sínú rẹ̀, ẹ yí i nínú centrifuge ní bí 2000 g fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ̀jẹ̀ pupa á lọ sábẹ́ gẹ́ẹ̀lì, bakitéríà á dúró lókè rẹ̀ bí ìpele funfun tín-ín-rín. Ẹ fa omi òkè dànù, ẹ fi saline fọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun náà, ẹ tún yí i. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí kólónì tí ì bá gbà yín ní òru kan kó tó hù. Òun la ó fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú ohun tó kàn.

Sláìdì Gram

Hans Christian Gram, dókítà ará Denmark, ló gbé ọ̀nà yìí jáde lọ́dún 1884, títí dòní kò sì sí àyẹ̀wò tó wúlò tó o fún owó tí à ń ná lé e. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló ń gbà. Kòkòrò tó bá di àwọ̀ àlùkò mú ni Gram-positive, èyí tó bá di pupa ni Gram-negative.

Ẹ tẹ́ ẹ tín-ín-rín. Ẹ̀jẹ̀ tó nípọn á di crystal violet mú, ẹ ó sì rí àwọ̀ àlùkò níbi tí kò yẹ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi methanol dì í mọ́ sláìdì fún ìṣẹ́jú méjì. Ó sàn ju iná lọ fún ẹ̀jẹ̀, torí abẹ́lẹ̀ sláìdì á mọ́. Crystal violet ìṣẹ́jú kan, omi. Iodine ìṣẹ́jú kan, omi. Acetone fún ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, omi kíákíá. Safranin ìṣẹ́jú kan sí méjì, omi. Ẹ kun sláìdì Staphylococcus aureus àti E. coli tí ẹ mọ̀ dájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá àwọ̀ yín ló ń purọ́. Lẹ́yìn náà, òróró àti lẹ́ńsì ×100. Ẹ wo ibi púpọ̀ kí ẹ tó gbójú kúrò, torí kòkòrò méjì lè wà nínú ìgò kan.

Ẹ kíyè sí Acinetobacter, tó jẹ́ ọ̀pá Gram-negative. Ó máa ń di àwọ̀ àlùkò mú, ó sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń kánjú á pè é ní cocci (kòkòrò róbótó). Bí ohun tí ẹ rí kò bá ṣe kedere, sláìdì kejì wà níbẹ̀, ẹ tún un kùn.

Ẹ gbé fóònù

Kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò mìíràn, ẹ pe wọ́ọ̀dù. Ẹ má kàn sọ pé "Gram-positive cocci" kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè má mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà, láàbù ni mo ti ń pè. Ẹ̀jẹ̀ màmá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì 6, ìgò mẹ́ta nínú mẹ́rin ti fèsì lẹ́yìn wákàtí 14. Cocci tó ṣù jọ ni, Staphylococcus ló jọ. Àyẹ̀wò coagulase, tó máa sọ bóyá aureus ni, á jáde kí aago méjì tó lù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà aláìsàn àti èsì yẹn padà fún mi." Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gba èsì àti aago tó gbà á sínú rẹ́jísítà. Fọ́ọ̀mù tí ẹ gbé sínú àpótí kí ẹnìkan lè wá mú u lọ́la kì í ṣe èsì.

Iye ìgò tó fèsì àti wákàtí tó gbà ṣe pàtàkì nínú ìpè yẹn. Staphylococcus tí kì í ṣe aureus, Corynebacterium, tàbí Bacillus tó jáde nínú ìgò kan ṣoṣo lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, awọ ara ló sábà máa ń ti wá. Irú Staphylococcus kan náà nínú ìgò mẹ́ta láàárín wákàtí 15, pàápàá lára ẹni tí wọ́n fi rọ́bà sí iṣan rẹ̀ tàbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ má sọ ọ́ lórí fóònù pé "ìdọ̀tí ni". Ẹ fún dókítà ní iye, òun ló mọ bí aláìsàn ṣe rí.

Ohun tí sláìdì ní kí ẹ ṣe

*Àlùkò, róbótó, tó ṣù jọ.* Staphylococcus ni, ìbéèrè tó kù sì ni bóyá aureus ni. Ẹ má fi catalase wá ìdáhùn láti inú omi ìgò. Ẹ̀jẹ̀ pupa fúnra rẹ̀ ní catalase, yóò hó gọ́dọ́gọ́dọ́ kódà bí kò bá sí kòkòrò kankan. Coagulase inú túùbù ni kí ẹ ṣe. Ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tí ẹ ti fọ̀ sínú ìdajì mílílítà plasma ehoro tó ní EDTA, ẹ gbé e sí 37°C. Fífọ̀ yẹn kì í ṣe àṣejù, torí omi blood culture ní èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ máa wò ó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí di wákàtí kẹrin, kí ẹ rọra tẹ túùbù, ẹ má mì í. Bó bá dì, kódà díẹ̀, S. aureus ni, ẹ tún pe wọ́ọ̀dù. Bí kò bá dì, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó sọ pé rárá. Ẹ má sì fo ti wákàtí kẹrin kọjá: àwọn kan nínú S. aureus máa ń yọ́ ohun tí wọ́n ti dì, ẹni tó dúró di àárọ̀ á bá omi lásán.

Ọ̀pọ̀ láàbù wa ló ń lo plasma èèyàn láti báńkì ẹ̀jẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀, ti ehoro wọ́n. Ṣùgbọ́n citrate ni wọ́n sábà fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ báńkì, àwọn kòkòrò tó ń jẹ citrate, bíi Enterococcus, sì lè mú plasma dì láìní coagulase. Bó bá jẹ́ òun lẹ ní, ẹ fi S. aureus àti S. epidermidis tí ẹ mọ̀ dájú dán àpò kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó lò ó, ẹ sì rí i dájú pé sláìdì Gram ti sọ pé ó ṣù jọ lóòótọ́.

*Àlùkò, róbótó, tó tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀, tàbí tó jẹ́ méjì-méjì.* Streptococcus tàbí Enterococcus ni. Bó bá jẹ́ méjì-méjì tí orí wọn ṣe ṣóńṣó, ẹ fura sí pneumococcus. Ẹ pín gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí túùbù saline méjì, ẹ kán sodium deoxycholate 10% sí ọ̀kan, saline sí èkejì, ẹ gbé méjèèjì sí 37°C. Bí ti àkọ́kọ́ bá mọ́ kedere láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí èkejì ṣì rú, pneumococcus ni. Àwọn tó kù lè dúró de kólónì.

*Pupa, tó rí bí ọ̀pá.* Ibí ni ikú ti sábà máa ń yára, ibí náà sì ni ẹ ti lè jèrè ọjọ́ kan gbáko. Àṣà tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí kólónì hù lónìí, ká gbìn ín sínú àwọn túùbù àyẹ̀wò (KIA, urea, citrate àti peptone water) lọ́la, ká kà á lọ́tùn-únla. Ẹ gbìn ín tààrà láti inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lónìí, kí ẹ kà á lọ́la. Àwo blood agar àti MacConkey tí ẹ fín ní àkókò kan náà ló máa sọ bóyá kòkòrò kan ṣoṣo ni. Bó bá jẹ́ méjì ló hù, ẹ da gbogbo túùbù wọ̀nyẹn nù.

Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ yọjú sí àwọn àwo náà. Ẹ ó rí ìhù tín-ín-rín tí kò tíì di kólónì gidi, ṣùgbọ́n ó tó fún oxidase àti indole orí bébà. Orí blood agar ni kí ẹ ti mú un, kì í ṣe MacConkey, torí àwọ̀ àti ásíìdì MacConkey máa ń ba méjèèjì jẹ́. Oxidase tó di àlùkò kíákíá ń tọ́ka sí Pseudomonas. Èyí tó mú MacConkey pọ́n, tí indole rẹ̀ jáde, tí oxidase rẹ̀ kò jáde, E. coli ló sún mọ́. Èyí tó mú un pọ́n láìní indole, tó ń fà yọ́ọ̀, ẹ ronú sí Klebsiella pneumoniae, kí ẹ sì tètè wá ọmọ tuntun tó bá wà ní wọ́ọ̀dù kan náà.

Taifọ́ìdì ńkọ́? Widal tí a ń ṣe kiri kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Inú ìgò yìí ni ìdáhùn wà. Salmonella Typhi kì í mú MacConkey pọ́n. Nínú KIA, ìsàlẹ̀ á di yẹ́lò, òkè á wà ní pupa, kò sí gáàsì, ẹ ó sì rí ìlà dúdú tín-ín-rín níbi tí méjèèjì ti pàdé. Ẹ fi antisera O9 àti Vi dán an wò lórí sláìdì. Bó bá ṣù pẹ̀lú Vi ṣùgbọ́n tí kò ṣù pẹ̀lú O9, ẹ má tíì sọ pé kì í ṣe òun: Vi, ìbora ara kòkòrò náà, ló bo O mọ́lẹ̀. Ẹ se kòkòrò náà nínú saline lórí omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 15, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún O9 ṣe.

*Pupa, kékeré jọjọ, tó pẹ́ kó tó fèsì.* Ẹ dúró. Bí aláìsàn bá jẹ́ alápatà tàbí darandaran, tàbí ó máa ń mu wàrà tí wọn kò sè, Brucella lè ni. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wá di ti inú cabinet. Ẹ má gbóòórùn àwo, ẹ má ṣe catalase rẹ̀ lórí tábìlì, ẹ sọ fún ọ̀gá láàbù.

*Ńlá, àlùkò, tó ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.* Yeast ni, Candida ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má kà á sí ìdọ̀tí láé. Ẹ fi díẹ̀ sínú ìdajì mílílítà serum ní 37°C. Bó bá na ọwọ́ jáde láìfún ní ìdí láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta, Candida albicans ló sábà máa ń jẹ́.

*Ẹ kò rí nǹkan kan.* Ẹ tún sláìdì ṣe, ẹ kun ún pẹ̀lú acridine orange bí ẹ bá ní in. Pneumococcus lè ti yọ́ fúnra rẹ̀ tán. Ẹ̀jẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ pọ̀ jù sì lè mú ẹ̀rọ ké lásán. Ẹ gbìn ín sórí àwo, ẹ dá ìgò padà sínú ẹ̀rọ tàbí ínkúbétọ̀.

Oògùn, lọ́jọ́ kan náà

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn ni RAST, àyẹ̀wò oògùn oníkíákíá ti EUCAST, ìgbìmọ̀ Yúróòpù tó ń gbé ìlànà àyẹ̀wò oògùn kalẹ̀. Lórí àwo Mueller-Hinton, ẹ fi pípẹ́ẹ̀tì kán máíkírólítà 125 omi blood culture láìpò ó mọ́ nǹkan kan, ẹ tẹ́ ẹ káàkiri, ẹ gbé dísìkì oògùn lé e kíákíá, ẹ gbé e sí 35°C. Ẹ wọn àyíká dísìkì tí kòkòrò kò ti hù ní wákàtí 4, 6 àti 8, kí ẹ ṣí ìdérí nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Bí etí àyíká náà kò bá hàn kedere ní wákàtí kẹrin, ẹ dá a padà di ìkẹfà.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ kòkòrò náà kí ẹ tó túmọ̀ ìwọ̀n, torí tábìlì RAST jẹ́ ti kòkòrò kọ̀ọ̀kan: E. coli ní tirẹ̀, K. pneumoniae ní tirẹ̀, S. aureus ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí coagulase àti indole wákàtí mẹ́fà fi bá a rìn. Wákàtí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tó bá wọn àwo wákàtí 6 tó lọ kà á lórí tábìlì wákàtí 18, tàbí tó lo tábìlì CLSI (ti àwọn ará Amẹ́ríkà) fún un, irọ́ ló fi ránṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù. Ọ̀fẹ́ ni tábìlì náà lórí ìkànnì EUCAST. Bí sláìdì bá sì fi kòkòrò méjì hàn, ẹ má ṣe é rárá.

Ẹ so ínkúbétọ̀ mọ́ inverter. Àwo tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ fún wákàtí kan nínú mẹ́fà kò ṣeé kà.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ

MALDI-TOF ń fi ìwọ̀n àwọn purotéènì kòkòrò dá a mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú ìgò onígẹ́ẹ̀lì tàbí ìhù wákàtí márùn-ún tó o, pẹ̀lú formic acid 70% díẹ̀. Kò mọ ìyàtọ̀ E. coli àti Shigella dáadáa, ó sì lè ṣi pneumococcus àti S. mitis pè, nítorí náà ẹ má da deoxycholate yín nù. BioFire FilmArray ń gba nǹkan bíi wákàtí kan, owó rẹ̀ ló ń dẹ́rù bani. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò rántí ni GeneXpert tó wà ní ilé ìwòsàn púpọ̀ fún ikọ́ ẹ̀gbẹ: kátírììjì Xpert MRSA/SA BC ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ kan náà, á sì sọ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan bóyá S. aureus ni àti bóyá MRSA (S. aureus tí methicillin kò ràn) ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà bóyá àyè wà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì

Ẹ gbé àwo àti túùbù jáde, ẹ fi wọ́n wé ohun tí ẹ sọ lánàá. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ pe wọ́ọ̀dù kí ẹ tó jókòó, ẹ sọ ohun tó yí padà, ẹ fi àtúnṣe náà sínú rẹ́jísítà láìpa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ ṣe àyẹ̀wò oògùn tó pé láti ara kólónì fún èsì ìkẹyìn. Kòkòrò tó bá jáde nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú glycerol ní −70°C. Bí ẹ kò bá ní irú fírísà bẹ́ẹ̀, nutrient agar inú túùbù onídèérí líle á mú un dúró fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, títí ẹ ó fi lè fi í ránṣẹ́ sí láàbù tó jù yín lọ.